Ààfin Belvedere: Ilé Ẹnìkan tí ó Di Ilé Gbogbo Ènìyàn

Mo ní ìbéèrè méjì láti bi yín kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Bí ìjòyè ńlá kan bá kọ́ ilé tí ó dà bí ààfin ọba, tí ó sì kú láìní ọmọ, ta ni ó ni ilé náà? Bí wọ́n bá sì gbé àwòrán kan kọ́ sára ògiri ilé náà, tí gbogbo ayé ń wá wò ó fún ohun tí ó lé ní 60 ọdún, ṣé wíwò tí ayé ń wò ó ti sọ ọ́ di ti ilé náà ni? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àlọ́ o. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni, ní ìlú Vienna, olú-ìlú ilẹ̀ Austríà, ní ààfin tí wọ́n ń pè ní Belvedere.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ibẹ̀ ti rí. Belvedere kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ilé méjì ni. Ọ̀kan wà ní ìsàlẹ̀, èkejì wà lókè, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ọgbà ńlá ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí wọ́n ṣe ní ipele ní ipele, tí ó ní adágún omi, omi tí ń tú sókè, àti ère òkúta tí orí wọn jẹ́ ti obìnrin, tí ara wọn jẹ́ ti kìnnìún. Bí ènìyàn bá dúró níwájú ilé ti òkè, yóò rí ọgbà náà nísàlẹ̀, yóò rí òrùlé ilé kejì, yóò rí ilé-ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St. Stephen tí ó yọ ṣóńṣó láàárín ìlú, yóò sì rí àwọn òkè tí ó wà lẹ́yìn ìlú náà. Èyí gan-an ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Ítálì: ibi tí a ti ń rí ìran tí ó dára.

Ẹni tí ó kọ́ ọ ni Eugene, ọmọ ìdílé ọba Savoy. Paris ni wọ́n ti bí i ní 1663. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó fẹ́ ṣe ọmọ ogun, ṣùgbọ́n Louis XIV, ọba Faransé, kò gbà á. Ara rẹ̀ kéré, kò sì lẹ́wà lójú; iṣẹ́ àlùfáà ni wọ́n ní ó yẹ ẹ́. Eugene kò bá ọba jiyàn. Ó kúrò nílùú, ó forí lé Austríà ní 1683. Ọdún náà gan-an ni àwọn ọmọ ogun Túrkì dó ti Vienna, Eugene sì wà lára àwọn tí ó jà títí ìdótì náà fi tú. Láti ìgbà náà ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti ń ràn. Ní 1697 ó ṣẹ́gun àwọn Túrkì ní Zenta. Ní 1717 ó gba ìlú Belgrade lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ọba Faransé kọ̀ ni ó di apá ọ̀tún ọba Austríà.

Ní 1697 yìí kan náà ni ó ra ilẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú Vienna. Ó ní ilé kan láàárín ìlú tí ó ń gbé nígbà òtútù. Èyí tí ó fẹ́ kọ́ wàyí ni ibi tí yóò ti máa gba atẹ́gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fi iṣẹ́ náà lé Johann Lukas von Hildebrandt lọ́wọ́, ọ̀gá nínú àwọn tí ń ya àwòrán ilé kíkọ́, ẹni tí wọ́n bí ní Genoa ní ilẹ̀ Ítálì ní 1668. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ti ìsàlẹ̀ ní 1712, ó parí ní 1716. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti òkè ní 1717, ó parí ní 1723. Ilé ti ìsàlẹ̀ ni Eugene ń gbé. Ti òkè ni ó fi ń gba àlejò pàtàkì, tí ó sì fi ń ṣe àríyá.

Irú ọnà ìkọ́lé tí Hildebrandt lò ni wọ́n ń pè ní baroque. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Rome ní nǹkan bí ọdún 1600, ó sì tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Báwo ni a ó ṣe dá a mọ̀? Ilé baroque kì í dúró gbagidi bí àpótí. Ògiri rẹ̀ a máa yọ síta, a sì máa tẹ̀ wọnú. Etí fèrèsé rẹ̀ a máa kún fún òdòdó, ewé, ìkarahun àti orí ènìyàn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Àjà ilé kì í jọ àjà lójú: ayàwòrán a máa fi ọ̀dà ya ojú ọ̀run sí i, pẹ̀lú ìkùukùu àti àwọn ènìyàn tí ń fò, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá gbójú sókè yóò fi rò pé òrùlé ti ṣí sílẹ̀ ni. Ní gbọ̀ngàn òkúta mábù tí ó wà nínú ilé ti òkè, Carlo Carlone ni ó ya àwòrán àjà, ògo Eugene ni ó sì yà síbẹ̀. Gbogbo ọ̀ṣọ́ yìí ní ìdí. Ẹni tí ó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí àlejò mọ̀, kí ó tó rí àga jókòó, pé ọ̀dọ̀ alágbára ni òun wá.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọnà yìí jìnnà sí wa pátápátá. Àwọn Potogí gbé e lọ sí Bràsíl, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ńláńlá ní Bahia. Nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gba òmìnira, tí wọ́n padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn bíríkìlà àti káfíńtà àárín wọn mú ọnà náà bọ̀ lọ́wọ́. Ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní Èkó, tí etí fèrèsé rẹ̀ ní òdòdó àti ìlà tí ó ká kòǹkòsọ̀, àti mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tí iwájú rẹ̀ dà bí ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, ìbátan Belvedere ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan tí òkun pín níyà ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ kì í gbé ilé ró. Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ tí àlejò kọ́kọ́ ń wọ̀ nínú ilé ti òkè kò ní òpó láàárín nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí àjà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wó, ó sì di dandan ní nǹkan bí 1732 kí wọ́n gbé òpó mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọn kò fi òpó náà sílẹ̀ lásán. Wọ́n gbẹ́ wọn ní ère ọkùnrin alágbára mẹ́rin tí ó tẹ orí ba, tí iṣan ara wọn le koko, tí wọ́n fi èjìká gbé àjà náà. Wọ́n ṣì gbé e títí di òní. Àlejò tí kò bá mọ ìtàn yóò rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ni kò jẹ́ kí ilé wó.

Eugene kò gbéyàwó, kò sì bímọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1736 ó sùn, kò jí mọ́, kò sì kọ ìwé ìpíngún sílẹ̀. Àwọn àgbà ní baálé kú, ilé dahoro. Ogún náà bọ́ sọ́wọ́ Victoria, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ọ̀pọ̀ àwòrán Eugene lọ sí Turin ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ìwé rẹ̀, tí ó tó nǹkan bí 15,000, bọ́ sọ́wọ́ ọba, wọ́n sì wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Austríà títí di òní. Ní 1752 Ọbabìnrin Maria Theresa ra ilé méjèèjì pẹ̀lú ọgbà wọn.

Fún ìgbà pípẹ́, ọbabìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Ní 1770 wọ́n ṣe àríyá ńlá kan níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Marie Antoinette, ń lọ sílé ọkọ ní Faransé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn èyí, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Joseph II, pinnu ohun kan tí ó yí ìtàn ilé náà padà. Wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn àwòrán tí àwọn ọba Austríà ti ń kó jọ láti ìran dé ìran lọ sí ilé ti òkè, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará ìlú láti máa wọlé wò wọ́n.

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ibí yìí ni ó dùn mọ́ mi jùlọ nínú ìtàn náà. Ẹni tí wọ́n pè láti wá to àwọn àwòrán náà ni Christian von Mechel, ará Basel ní ilẹ̀ Switzerland. Ṣáájú ìgbà náà, bí àwòrán bá ti tóbi sí, tí ó sì bá ti bá ògiri mu sí, ni wọ́n ṣe ń gbé e kọ́. Ṣe ni wọ́n ń fi í dí ògiri bí ẹni ń fi aṣọ ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́. Mechel kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kó iṣẹ́ àwọn ará Ítálì sí ibì kan, ó kó ti àwọn ará ilẹ̀ Flanders sí ibòmíràn, ó kó ti Jámánì sí ibòmíràn, ó sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn ti rí, kí ẹni tí ó bá ń rìn láti yàrá dé yàrá lè rí bí ọgbọ́n ọwọ́ ọmọ ènìyàn ti ń dàgbà. Ó sọ ògiri di ìwé kíkà. Nígbà tí ó fi di 1781, ilé náà ti wà ní ṣíṣí fún gbogbo ènìyàn, ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ayé. A gbọ́ pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé ni pé kí bàtà rẹ̀ mọ́. Ẹ rò ó wò: ilé tí wọ́n kọ́ láti fi dẹ́rù ba àlejò ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ń wọ̀ wàyí láti wá kọ́ ẹ̀kọ́.

Àwọn àwòrán ọba wà níbẹ̀ títí di 1891, nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún wọn láàárín ìlú. Láti 1899 ni Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́ Austríà, ti ń gbé ilé ti òkè. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1914 wọ́n yìnbọn pa òun àti ìyàwó rẹ̀ ní Sarajevo. Kí oṣù méjì tó pé, Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ti bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ogun náà parí ní 1918, ìjọba ọba tán ní Austríà, Belvedere sì di ti orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún 1955, nínú gbọ̀ngàn òkúta mábù tí mo sọ ṣáájú, àwọn aṣojú Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Austríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó dá òmìnira Austríà padà. Leopold Figl, mínísítà ilẹ̀ Austríà, gbé ìwé náà sókè fún èrò tí ó kún inú ọgbà, ariwo ayọ̀ sì sọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ìbéèrè wa kejì. Láti 1903 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìgbà náà jọ sí ilé ti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ọ̀hún ni Gustav Klimt, tí wọ́n bí nítòsí Vienna ní 1862, tí ó sì kú ní 1918. Bàbá rẹ̀ máa ń fín ọnà sára wúrà. Bóyá ibẹ̀ ni ọmọ ti mọ ìwà wúrà. Ní 1908 ìjọba ra àwòrán rẹ̀ kan tí à ń pè ní Ìfẹnukonu lọ́wọ́ rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 180 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ó wà nínú rẹ̀, létí ilẹ̀ tí ó kún fún òdòdó. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó di ojú, wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bò wọ́n bí aṣọ ìbora. Àwòrán náà wà ní Belvedere di òní, òun ni ọ̀pọ̀ àlejò sì ń tìtorí rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n àwòrán mìíràn láti ọwọ́ Klimt kan náà wà, tí ó parí ní 1907. Adele Bloch-Bauer ni orúkọ obìnrin tí ó yà síbẹ̀. Júù ni Adele àti Ferdinand ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ ṣúgà. Nígbà tí Adele kú ní 1925, ó fi ìwé sílẹ̀, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé bí òun náà bá máa kú, kí ó fi àwọn àwòrán Klimt wọn sílẹ̀ fún ilé Belvedere. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ní oṣù kẹta 1938, Hitler gba Austríà. Ferdinand sá lọ, ó fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀, àwọn Nasi sì gba ohun gbogbo tí ó ní. Lọ́yà tí ó wà lábẹ́ ìjọba Nasi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ohun ìní rẹ̀. Láti ọwọ́ lọ́yà yìí ni àwòrán Adele fi wọ Belvedere ní 1941. Ferdinand kú ní Zürich ní 1945, kò rí àwòrán ìyàwó rẹ̀ mọ́. Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fi ṣe àrólé. Ọ̀kan nínú wọn ni Maria Altmann, tí òun náà ti sá lọ sí Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ogun, àwọn àrólé béèrè ohun tí í ṣe tiwọn. Ìdáhùn ìjọba ni pé kí wọ́n jọ̀wọ́ àwọn àwòrán Klimt kí wọ́n tó lè kó àwọn ohun mìíràn jáde nílùú. Báyìí ni ọ̀ràn náà sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń wo Adele lára ògiri, wọ́n sì ń rò pé ọrẹ ni ó gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní 1998 Austríà ṣe òfin pé kí wọ́n dá iṣẹ́ ọnà tí àwọn Nasi gbà padà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Maria Altmann dìde, ó ti lé ní 80 ọdún nígbà náà. Nígbà tí ìjọba kò gbà, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, àti ní 2004 ilé ẹjọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe Austríà lẹ́jọ́.

Kí ni àwíjàre ìjọba? Wọ́n ní Adele tìkára rẹ̀ ni ó ní kí àwọn àwòrán náà wá sí Belvedere. Àwọn adájọ́ onílàjà mẹ́ta ní Austríà yẹ ọ̀ràn náà wò. Wọ́n rí i pé ẹ̀bẹ̀ ni Adele bẹ̀, kò pàṣẹ. Àti pé Ferdinand ni ó ni àwòrán, kì í ṣe Adele. Ẹni tí kò ni ohun kan kò lè fi í tọrẹ. Ní oṣù kìíní 2006 wọ́n dájọ́ pé kí wọ́n kó àwòrán Klimt márùn-ún fún àwọn àrólé Ferdinand. Ní ọdún náà ni Ronald Lauder ra àwòrán Adele tí à ń sọ yìí fún ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tí ó dá sílẹ̀ ní New York; ìròyìn sọ pé owó tí ó san tó mílíọ̀nù 135 dọ́là. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń wò ó wàyí. Maria Altmann kú ní 2011, ní ẹni ọdún 94.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a fi àwòrán méjèèjì wé ara wọn. Klimt kan náà ni ó yà wọ́n, wúrà wà lára méjèèjì, ilé kan náà ni wọ́n sì ti wà. Kí ni ó dé tí ọ̀kan fi dúró tí èkejì fi lọ? Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni. Ìfẹnukonu wọlé pẹ̀lú owó tí wọ́n kà sọ́wọ́ ẹni tí ó yà á. Adele wọlé lẹ́yìn olówó tí wọ́n lé kúrò nílé. Ohun rere ni kí ilẹ̀kùn ààfin ṣí, kí tálákà àti olówó jọ wọlé, kí ọmọdé kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rere tí à ń fi ohun olóhun ṣe kò sọ ohun náà di tiwa.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá. Ní Vienna kan náà, nínú ààfin ọba mìíràn tí ó ti di ilé àkójọ, iṣẹ́ idẹ ìlú Bìní wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu ìlú náà ní 1897. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń béèrè ohun ẹni láìjà, láìsì dákẹ́, kí ó ka ìtàn arúgbó obìnrin yẹn. Ìwé ni ó fi jà, ẹ̀rí ni ó kó jọ, kò sì jẹ́ kí ọjọ́ pípẹ́ dá òun lágara.

Ní ti Belvedere, ilé náà kò wó nígbà tí Adele jáde. Àwọn ọkùnrin òkúta mẹ́rin náà ṣì gbé àjà wọn, ọgbà ṣì ń tàn, àwọn àlejò ṣì ń wọlé. Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn alábòójútó pé bí a bá dá ohun olóhun padà, ilé yóò ṣófo, kò ṣẹlẹ̀.